Wáyà Tó Fo Ògiri

Rédíò tíṣà ló dá gbogbo ìjà náà sílẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni ilé ẹ̀kọ́ wọn ní nígbà náà, tẹ̀gbọ́n tàbúrò jọ ń jókòó nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí àwọn ọmọ yòókù ń ṣeré níta, ẹnìkan tú rédíò náà palẹ̀, kò sì mọ bó ṣe máa tò ó padà. Tíṣà wọlé, ó bá ìfun rédíò rẹ̀ lórí tábìlì, ó béèrè ẹni tó ṣe é. Àbúrò wo ojú ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n na ìka sí àbúrò. Tíṣà ní kí ọmọ náà kúnlẹ̀ kó tọrọ àforíjì, ọmọ ní òun kò ní bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí ọwọ́ òun kò kàn. Tíṣà ní kó máa lọ ilé, ìgbà tó bá ṣetán láti bẹ̀bẹ̀ ni kó padà wá. Irun ti funfun lórí ọmọ náà báyìí, kò tíì ṣetán.

Ẹ̀gbọ́n kàwé títí tí òun náà fi di tíṣà, Bàbá Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Àbúrò lọ kọ́ṣẹ́ jórinmọ́rin, wọ́n sì ń pè é ní Irin-ò-tẹ̀. Orúkọ náà bá a mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun alára mọ̀ pé kò sí irin tí kì í tẹ̀ bí iná bá jó o tó. Nígbà tí wọ́n pín ilé bàbá wọn sí méjì, òun ló mọ ògiri sáàárín. Ògiri náà ga ju ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n kò ga ju ohùn lọ. Bí ẹ̀gbọ́n bá wúkọ́ lọ́hùn-ún, àbúrò á gbọ́. Síbẹ̀ wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Ọmọbìnrin Irin-ò-tẹ̀ ni wọ́n ń rán síra wọn.

Irin-ò-tẹ̀ á ní, "Sọ fún ẹni ẹ̀yìn ògiri pé ewé igi rẹ̀ ń já bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù mi."

Kí ọmọ tó dìde, ẹni ẹ̀yìn ògiri á ti dáhùn pé kó sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun kọ́ lòun ń rán atẹ́gùn níṣẹ́.

Ọmọ yìí ló wá wọ yunifásítì, ó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ nípa ètò agbára iná. Ìdùnnú bàbá rẹ̀ kò ṣe é fi pamọ́. Oníbàárà tó bá wá jó ilẹ̀kùn, kó tó kúrò, ó ti gbọ́ ìròyìn ọmọ. Irin-ò-tẹ̀ kò lè pe orúkọ ẹ̀kọ́ náà délẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní àlàyé tirẹ̀.

"Bí ẹni ń da màlúù ni," ló máa ń wí. "Èyí tó wá láti inú oòrùn, èyí tó wá láti inú jẹnẹrétọ̀, èyí tó sùn sínú bátìrì, ọmọ mi á dà wọ́n lọ síbi tí wọ́n ti nílò wọn. Kò sí ọ̀kan tó máa sọnù."

Ọmọ náà gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní olùkọ́ àwọn kò tíì ṣàlàyé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún tó máa ṣe tán, ó mú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wálé. Ó jókòó ti bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní òrùlé àwọn kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, ti Bàbá Tíṣà kọjú sí ibi tó ń wọ̀ sí. Láàárọ̀, tí Bàbá Tíṣà bá fẹ́ fa omi sókè, òjìji ṣì wà lórí òrùlé wọn. Nírọ̀lẹ́, tí bàbá òun ṣì ń lu irin lábẹ́ gílóòbù, oòrùn ti kúrò lórí tàwọn. Bí àwọn bá tẹ́ páànẹ́ẹ̀lì oòrùn sórí òrùlé méjèèjì, tí wáyà kan sì fo ògiri, èyí tó ní á máa fún èyí tí kò ní. Ohun tó fẹ́ fi gba oyè rẹ̀ nìyẹn.

"Wáyà ẹni yẹn kò ní wọ ilé mi," ni Irin-ò-tẹ̀ wí.

"Bàámi, bí kò bá wọlé, n ò ní lè ṣe tán. Ẹ máa jẹ́ kí rédíò kan náà lé ẹlòmíràn kúrò nílé ìwé?"

Irin-ò-tẹ̀ fa awò iṣẹ́ rẹ̀ bojú, bẹ́ẹ̀ kò sí iná kankan tó ń jó níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti ń gé irin tí wọ́n máa tẹ́ páànẹ́ẹ̀lì oòrùn lé. Ó jó ti òrùlé tirẹ̀ tán, ó jó èkejì, ó gbé e lé orí ògiri.

"Sọ fún ẹni ẹ̀yìn ògiri pé kó di ẹsẹ̀ irin yìí mú dáadáa. Irin tí mo bá jó kì í já, àfi kéèyàn jù ú sílẹ̀."

Ọwọ́ méjì nà wá láti òdì kejì, wọ́n gbà á. Ọmọ náà dúró sáàárín, ó ní ẹ̀yin ẹ wo èmi, èmi gan-an ni wáyà àkọ́kọ́. Ìyá rẹ̀ ní kó rọra, kí iná má gbé e.

Nígbà tí wọ́n to gbogbo rẹ̀ tán, ọmọ kìlọ̀ fún ilé méjèèjì. Ẹ̀rọ jórinmọ́rin ń fa iná jù, kò gbọdọ̀ fara kan iná oòrùn yìí, jẹnẹrétọ̀ ni tiẹ̀. Kẹ́tùlù oníná Bàbá Tíṣà náà kò gbọdọ̀ fara kàn án, gáàsì ni kí wọ́n máa fi se omi tíì. Àwọn àgbà méjèèjì ní àwọn gbọ́.

Lọ́jọ́ tí olùkọ́ yunifásítì wá wò ó, wọ́n to bẹ́ǹṣì sí àgbàlá Irin-ò-tẹ̀. Obìnrin tó ga ni olùkọ́ náà, ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ ọmọ náà bá a wá. Bàbá Tíṣà gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó jókòó sí ìkángun. Fáànù ń fẹ́, omi ń gòkè, ọmọ ń ṣàlàyé, bàbá rẹ̀ sì ń mi orí bí ẹni tó yé, bẹ́ẹ̀ kò yé e dé ìdajì. Láàárín kan, Bàbá Tíṣà yọ́ lọ sílé rẹ̀, ó tún yọ́ padà.

Kò pẹ́ ni fáànù dúró. Omi dákẹ́. Gbogbo gílóòbù kú.

Olùkọ́ gbójú sókè. "Ta ló ki nǹkan bọ iná?"

Gbogbo ojú yí sí ẹ̀rọ jórinmọ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n tún yí sí ẹni tó ni ín. Irin-ò-tẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ti fi tapólì bò ó láàárọ̀. Ìyá ọmọ pàápàá ní, "Bàbá ọmọ, ṣebí ẹ ní ẹ ò ní fọwọ́ kàn án?" Ọmọ wo mítà rẹ̀, ó rí i pé ilé kejì ló ti ṣẹlẹ̀, ó sì sorí kọ́. Ta ni yóò na ìka sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lójú àlejò? Irin-ò-tẹ̀ wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe wò ó lọ́jọ́ rédíò.

Bàbá Tíṣà gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ náà kò nà sí ẹnikẹ́ni, àyà ara rẹ̀ ló gbé e lé.

"Èmi ni," ló wí. "Mo ní kí n po tíì fún àlejò. Ọmọ ti kìlọ̀ fún mi, etí ikún ni mo kọ sí i."

Olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí òun fẹ́ rí gan-an nìyẹn: ohun tó ń fa iná pọ̀ jù, ẹ̀rọ pa ara rẹ̀, bátìrì kò jóná. Ó ní òun ti fẹ́ dán ọmọ náà wò lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bàbá yìí ti bá òun ṣe ìdánwò náà, ọmọ sì ti yege. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́.

Irin-ò-tẹ̀ ló dìde. Kò rán ẹnikẹ́ni. Ó rìn yí ògiri ká, ó wọ ilé tí kò wọ̀ látìgbà tó ti mọ ògiri náà, ó yọ kẹ́tùlù, ó gbé e bọ̀. Ọmọ tan ẹ̀rọ padà, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ariwo ayọ̀ sọ.

"Ẹ̀gbọ́n, kẹ́tùlù yín rèé," ni Irin-ò-tẹ̀ wí. "Omi rẹ̀ kò tíì hó."

Ìyá ọmọ gbọ́ ọ, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Tíṣà gba kẹ́tùlù, kò jókòó. Ó dúró títí ẹ̀rín fi rọlẹ̀, ó sì gbé ohùn sókè bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì.

"Àbúrò mi, rédíò tíṣà ọjọ́sí, èmi ni mo tú u. Mo fẹ́ rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ni. Ẹ̀rù pàṣán bà mí, mo na ìka sí ọ. Kí gbogbo ayé gbọ́: ìwọ kọ́. Èmi ni."