Èso Òdìkejì Ògiri

Aránṣọ náà na ọwọ́ kọjá orí ògiri títí èjìká fi ń ro ó, síbẹ̀ ewé nìkan ni ìka rẹ̀ bà. Àpótí tó gùn ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Èso kan ṣoṣo tó wà lórí ìtàkùn kànrìnkàn náà so sí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ní ìhà ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó ń fì bí ẹni ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀. Kò tíì rán ẹsẹ̀ kan tán tó fi tún dìde.

Nítorí ìyá wọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni. Láti ìgbà tí ibà ti gbé màmá dè, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá gbé àwo dé, ọwọ́ ló fi ń tì í sẹ́yìn. Àárọ̀ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ní bí òun bá rí kànrìnkàn tútù, kí wọ́n rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, kí wọ́n fi àlùbọ́sà dín in, òun á jẹ. Ẹ̀rù ń ba aránṣọ pé bí màmá kò bá jẹ lónìí, ó lè bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó ti rán apá ẹ̀wù oníbàárà kan sódì.

Kànrìnkàn kì í sì í dúró de ẹnì kan. Ìgbà tó bá ṣì rọ̀ ni í ṣeé jẹ. Bó bá gbó pẹ́nrẹ́n, okùn á gba inú rẹ̀ kan, ó di ohun tí à ń fi fọ ẹ̀yìn ní balùwẹ̀. Ìhà ti aránṣọ ìbá so tirẹ̀, àmọ́ ọgbọ́n àgbọ́njù bà á jẹ́. Ó rí i pé òdòdó kan ní èso wínníwínní nídìí, òmíràn kò ní, ló bá ń já èyí tí kò ní dànù láràárọ̀, pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Àṣé akọ ni wọ́n. Nígbà tí akọ tán, abo bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, wọ́n ń já bọ́.

Láti ìgbà tí wọ́n ti mọ ògiri la ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ láàárín ni wọn kò ti kí ara wọn mọ́. Ẹ̀gbọ́n ní àbúrò òun kò lè tọ́jú ẹyẹlé, áńbọ̀sìbọ́sí ìyá. Aránṣọ náà fèsì pé ẹni tí kò tọ́ ọmọ rí kò gbọdọ̀ kọ́ òun ní ìtọ́jú. Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀, ó sì ti fọ́.

Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gba ìta yípo, ó kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ onídìrí yọjú tòun ti ìyàrun lọ́wọ́. Aránṣọ kí i, ó sì ṣàlàyé wàràwàrà pé màmá ní òun fẹ́ jẹ kànrìnkàn. Ẹ̀gbọ́n ṣíwájú lọ sẹ́yìnkùlé. Aránṣọ ti rò pé ẹ̀gbọ́n yóò ti gé ìtàkùn náà kúrú. Okùn ló rí tí ẹ̀gbọ́n ta fún un kí ó lè máa gùn, láti orí ògiri dé etí fèrèsé.

Ó gé èso náà, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Èékánná wọlé. Kò tíì gbó.

“Màmá wo ló fẹ́ jẹ ẹ́?” ni ẹ̀gbọ́n bi í.

“Màmá wa.”

“Màmá wa kẹ̀? Bàbá ló máa ń jẹ ẹ́. Ṣé o ti gbàgbé pé màmá ní ó ń yún àwọn lọ́fun ni?”

Òótọ́ ni. Bí bàbá bá ti ń jẹ ẹ́, ìta ni màmá máa ń lọ jókòó. Aránṣọ wo ìdí ògiri. Ọ̀sẹ̀ tí bíríkìlà kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ gan-an ni màmá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin kóró kànrìnkàn sí ìdí ògiri yìí, níbi tí oòrùn kì í dé, tó fi gbogbo àgbàlá sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ tí mo sọ níjọ́sí yẹn...”

“Èso yẹn ń gbó lọ́wọ́ ẹ,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Ṣé àlùbọ́sà wà lọ́hùn-ún?”

“Ó wà, mà.”

“Jẹ́ n wọ bàtà.”

Wọ́n ti ń rẹ́ ẹ ní ilé ìdáná, wọ́n ń jiyàn bóyá kí wọ́n bó èèpo rẹ̀, nígbà tí màmá ké sí wọn láti inú yàrá. Ó ń béèrè bóyá búrẹ́dì tí òun tì sẹ́yìn láàárọ̀ ṣì kù.