Pátákó Onígíláàsì ti Láfẹ́nwá

Nígbà kan, ara ògiri ṣọ́ọ̀bù Mọ́ṣúdù ni gbogbo àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní Láfẹ́nwá ti ń kọ́gbọ́n. Pátákó dúdú kan wà níbẹ̀, irú èyí tí tíṣà fi ń kọ́ ọmọ. Ẹni tó bá rí oògùn àìsàn rédíò kan, yóò fi ṣọ́ọ̀kì yà á síbẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, fún ẹni tó bá ń kọjá. Ẹni tó bá rí i pé ẹni àná ṣì í, yóò fi ìgbọ̀nwọ́ nù ún, yóò tún un yà. Kò sẹ́ni tó ń bínú. Kò sì sẹ́ni tó ń kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

Ti orúkọ yìí gan-an ló ń dun Sàlàhúdíìnì.

Ọ̀gá ni Sàlàhúdíìnì, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìwé tí àwọn òyìnbó ń fi pósítì ránṣẹ́ ló fi kọ́ṣẹ́, ó sì gbé sàtífíkéètì rẹ̀ kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ṣàpọ́n, níbi tí oníbàárà yóò ti forí gbá a kó tó jókòó. Òun náà ló sì kọ́kọ́ rídìí rédíò Mẹ́kà. Ayé owó epo nìgbà náà. Kò sí Àlájì tó ń ti Mẹ́kà bọ̀ tí kì í gbé rédíò ńlá oníkásẹ́ẹ̀tì dání. Ṣùgbọ́n agbára iná tọ̀hún kò tó tiwa. Bí Àlájì bá ti ki rédíò bọ iná nílé, èéfín lásán ni yóò gbọ́ dípò wáàsí. Sàlàhúdíìnì tú ọ̀kan, ó rí wáyà méjì nínú rẹ̀: pupa fún iná tiwọn, búlúù fún iná tiwa. Gé pupa, dì í, fi búlúù kan iná. Ó parí. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pátákó Mọ́ṣúdù, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ káàkiri. Bí a bá bi wọ́n pé ta ló kọ́ wọn, wọ́n á ní, "Láfẹ́nwá ni."

Láfẹ́nwá! Ṣé Láfẹ́nwá ló gba sàtífíkéètì ni?

Nígbà tí òjò ń fọ ṣọ́ọ̀kì dànù, tí àwọn ará oko àti ará Ìlaròó náà sì fẹ́ máa rí ẹ̀kọ́ náà kà, ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún rédíò ṣe ṣèpàdé láti yan ohun tí wọn yóò máa fi gbé e jáde. Mọ́ṣúdù ní kí wọ́n kan páànù borí pátákó. Adépéjú ọmọ Fájánà, obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn, tí ahọ́n rẹ̀ mú ju abẹ lọ, dábàá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìdánwò nílé ẹ̀kọ́.

"A yà á lẹ́ẹ̀kan, a yí i, ẹ̀dà ń bọ́ sílẹ̀. Bá a bá ṣì í, a tún òmíràn yà."

"Páànù! Ìwé ìdánwò!" Sàlàhúdíìnì dìde, ó tún agbádá rẹ̀ gbé léjìká. "Ṣé jẹ́léósinmi la wà ni? Pátákó ńlá ni ká ṣe, ọlọ́dà, ká fi gíláàsì bò ó, ká tan gílóòbù sínú rẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀ nínú rélùwéè, òun ni kó kọ́kọ́ rí. Èmi ni mo máa náwó ẹ̀."

"Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀ ńkọ́, Bọ̀dá?"

"Àṣìṣe kẹ̀? Èmi ni mo máa yà á!"

"Òun náà ni mo ṣe béèrè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Sàlàhúdíìnì ò rín. Ó ní kí ẹgbẹ́ sọ ọ́ di òfin: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan pátákó òun àfi bí gbogbo ẹgbẹ́ bá dìbò sí i. Ó wá yíjú sí Mọ́ṣúdù. "Pàápàá àwọn tí ṣọ́ọ̀kì ti jẹ lọ́wọ́."

Mọ́ṣúdù wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó nà án sókè, ó dìbò. Gbogbo wọn dìbò.

Olújìmí tó ń kun pátákó ló ṣe é. Búlúù ni wọ́n fi kun ilẹ̀ pátákó, torí búlúù ni etí sàtífíkéètì. Orúkọ Sàlàhúdíìnì gba òkè, pupa fòò, pẹ̀lú àdírẹ́sì. Àwòrán òun fúnra rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n máa dé ìdí wáyà, àyè ò gba ọ̀rọ̀ mọ́.

"Yọ ọ̀rọ̀ kúrò," ni Sàlàhúdíìnì wí. "Àwòrán ló ń sọ̀rọ̀."

"Ọ̀gá, wáyà búlúù lórí ilẹ̀ búlúù ò hàn o."

Sàlàhúdíìnì fà sẹ́yìn, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan wò ó. Bí wọ́n bá yí ilẹ̀ padà, orúkọ ò ní tàn bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Kùn ún ní pupa. Kó bá orúkọ mi mu. Kun ìkejì tí à ń gé ní funfun."

"Ṣé kò ní ṣi ẹnì kan lọ́nà?"

"Ẹni tó bá mọṣẹ́ á mọ ohun tí mò ń sọ."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni wọ́n ṣí i. Mọ́ṣúdù dúró níwájú rẹ̀ pẹ́ títí. Ó lanu, ó wo Adépéjú. Adépéjú náà wo pátákó, ó fi eyín tẹ ètè rẹ̀ mọ́lẹ̀. Sàlàhúdíìnì rí wọn, inú rẹ̀ sì dùn: ìlara nìyẹn.

"Mọ́ṣúdù, ṣé ó ní ohun tó o fẹ́ nù níbẹ̀ ni?"

"Rárá o, Ẹ̀gbọ́n. Ó dán. Ó dán gan-an ni."

"Ẹ kú ìnáwó, Bọ̀dá," ni Adépéjú wí.

Àwọn Àlájì dé. Rédíò kan rú èéfín ní Òwu, òmíràn ní Ìtòkú. Àwọn tó ni ín ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà Ṣàpọ́n, àdírẹ́sì ti wà lára pátákó. Sàlàhúdíìnì ní òpè ló ṣe é fún wọn.

Ìyá rẹ̀, Àlájà Àsíátù, náà ti Mẹ́kà dé pẹ̀lú rédíò tirẹ̀. Ọmọ ní ọwọ́ òun dí, kó ṣe sùúrù. Ta ni yóò ṣe sùúrù, nígbà tí àwọn orogún ti ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì? Ó mú aṣọ funfun tó rì bọ omi Sàmúsàmù, èyí tó ní kí wọ́n fi sin òun, ó fi di rédíò náà kí ará Òwu lè rí méjèèjì pọ̀, ó gbé e lọ bá Láwàlì tó ń tún rédíò ṣe níbẹ̀. Láwàlì ti wo pátákó, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀.

"Àlájà, wáyà pupa yìí ń bà mí lẹ́rù."

"Ìwọ ta ni? Ọmọ mi ló yà á síbẹ̀! Bí Sàlá bá ní pupa, pupa ni. Ki wáyà bọ iná."

Láwàlì ki wáyà bọ̀ ọ́. Rédíò jó, aṣọ ìsìnkú tó tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ jó tẹ̀ lé e, ìka Àlájà náà sì bó níbi tó ti ń fà á yọ.

Bí Sàlàhúdíìnì ti rí ìka ìyá rẹ̀, ó sáré pe ẹgbẹ́ jọ. "Àṣìṣe kékeré kan wà lára pátákó yẹn. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ lónìí."

"Òfin ni, Ẹ̀gbọ́n," ni Mọ́ṣúdù dáhùn jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ ká dìbò. Ẹni tó bá fẹ́ ká yọ ọ́, kó nawọ́."

Ọwọ́ kan ṣoṣo ló gòkè.

Sàlàhúdíìnì wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ ti rí i láti ọjọ́ tá a ti ṣí i."

"A rí i."

"Ẹ sì dákẹ́? Ìyá mi bó lọ́wọ́!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣọ́ọ̀kì ti jẹ wá lọ́wọ́."

Mọ́ṣúdù jáde, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ sára pátákó dúdú àtijọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bí ti onígíláàsì. Bí gílóòbù bá sì kú nínú onígíláàsì, ẹgbẹ́ ló ń ra òmíràn sí i.

Orúkọ náà wọ rélùwéè lóòótọ́. Ó dé Ìlaròó, ó dé oko.

Lọ́jọ́ kan, àgbẹ̀ kan tí kò mọ̀wé, Fárọ̀mbí ará Ọ̀dẹ̀dá, gbé rédíò tó ti dúdú bí ìdí ìkòkò wọ ṣọ́ọ̀bù Ṣàpọ́n.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ti ṣe é ní Sàlàhúdíìnì fún mi."

"Wọ́n ṣe é ní kí ni?"

"Sàlàhúdíìnì. Bí wọ́n bá ti fi àìmọ̀ jó nǹkan oníǹkan, ohun tí wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lorúkọ yín, kí n lè júwe yín fún àwọn ará ilé?"

Sàlàhúdíìnì gbójú sókè sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí sàtífíkéètì wà tẹ́lẹ̀ kó tó já a sílẹ̀.

"Jùbrílù," ló wí.