Ẹni Tó Jáde Tí Kò Dágbére

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ náà ni, síbẹ̀ kì í ṣe òun. Gbogbo àga ló kọ ẹ̀yìn sí ìtàgé. Èèyàn kún orí wọn fọ́fọ́, ṣùgbọ́n ògiri ni gbogbo wọn kọjú sí, kò sì sẹ́ni tó wúkọ́ nínú wọn. Oòrùn ń ràn nínú ilé, ìta ló ṣú. Aṣọ ìkélé pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé tutù rinrin, omi ń kán tó, tó, tó láti etí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀, kò sì sẹ́ni tó fọṣọ. Àárín gbogbo ìyẹn ni Oyèkúnlé dúró sí, ó dé adé ọba, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, kò sì sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ó mọ̀ pé òun ń sùn. Ohun tó burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń lá àlá tí kò mọ̀, á máa sá kiri ni. Ẹni tó bá mọ̀ ni yóò dúró, tí yóò máa retí ohun tó ń bọ̀. Ohun tó ń bọ̀ kò sì pa mọ́ fún Oyèkúnlé. Gbólóhùn méjì péré ni.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú wa lè máa ṣe kàyéfì pé kí ló tó bẹ́ẹ̀ nínú gbólóhùn méjì. Eré orí ìtàgé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ ni àwọn tíṣà ilé ẹ̀kọ́ ìlú wa fi kọ́ àwọn bàbá wa ní girama nígbà kan. Wọ́n kọ́ wọn débi pé ọ̀rọ̀ inú eré di òwe lẹ́nu wa. Bí alápatà bá gé ẹran kékeré fún ọ, tí o fajú ro, á wò ọ́ lójú, á ní, "Ọba tó bá ń ka ọmọ ogun rẹ̀, ẹ̀rù ti ń bà á ná." Bí ìyẹn ṣe bá ọ̀rọ̀ ẹran mu, èmi ò mọ̀, òun náà ò sì mọ̀. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ pẹ́ kó tó wọlé á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á fọwọ́ gbá ìbàdí mú: "Olúwa mi, ojú wo lo fi ń wo fìtílà mi?" Gbogbo àdúgbò á bú sẹ́rìn-ín, ọkọ á sì mọ̀ pé òun wọ gàù.

Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dé ìdí gbólóhùn ọba nínú eré tí wọ́n máa ń ṣe ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Olorì ti kú, wọ́n ti gbé e jáde, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ń bọ̀ wá ti ilẹ̀kùn ààfin. Ọba á na ọwọ́, á ní, "Ẹ fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gba ibẹ̀ jáde kò dágbére fún mi." Bó bá ti kù díẹ̀ kó sọ ọ́, àwọn àgbà tó ka ìwé nílé ẹ̀kọ́ náà láyé ọjọ́un á dìde níwájú, wọ́n á ṣí fìlà. Bí ọba bá sọ ọ́ dáadáa, ẹkún á sọ nínú gbọ̀ngàn. Bó bá kọsẹ̀, háà! Wọ́n á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo wọn á sọ ọ́ pọ̀ lóhùn kan, ẹ̀rín á sì tẹ̀ lé e. Wọ́n gbà á lẹ́nu Fágbèmí lọ́dún kan tó ṣe ọba. Títí Fágbèmí fi kú, kò kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n má sọ fún un pé kó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlú wa lójú àánú, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí irú èyí.

Oyèkúnlé ló ń ṣe ọba báyìí, kò sì kọsẹ̀ rí. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà Yorùbá, ló yí eré náà sí Yorùbá tó ń dùn létí. Òun náà ló máa ń jókòó sórí àga onígi lẹ́yìn aṣọ ìkélé, tí yóò di ìwé mú, tí yóò máa sọ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí ẹni tó bá gbàgbé. Ọ̀rọ̀ kan ló máa ń fúnni. Ẹni tó bá ń fẹ́ ìkejì, kó lọ kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni Àwẹ̀ró kú ní ọsibítù. Oyèkúnlé jáde fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, nígbà tó sì padà dé, wọ́n ti fi aṣọ bò ó lójú.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti dé ibi gbólóhùn yẹn, kò ní lè sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n dánra wò, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló dákẹ́. Tíṣà Gbádébọ̀ tó ń darí eré fi ẹ̀sọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe ọba. Ó kọ̀ jálẹ̀. Mopélọ́lá, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kọ́ni níléèwé náà, lọ jókòó sórí àga ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ó ní òun á bá wọn di ìwé mú. Bàbá rẹ̀ jágbe mọ́ ọn níwájú gbogbo ayé: "Dìde níbẹ̀! Àga yẹn lẹ́ni tó ni ín!" Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní mà, ó sì fi omijé jáde. Ẹni tó bá fẹ́ràn òkú kò yẹ kó máa na alààyè, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún Oyèkúnlé? Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ohùn Àwẹ̀ró ló kù nínú gbólóhùn méjì yẹn. Bí ìlú bá gbà á lẹ́nu òun, ohun tó kẹ́yìn lọ́wọ́ òun nìyẹn lọ. Ọ̀sán Sátidé tí wọ́n fẹ́ ṣeré ni ó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Aago méjì lù nígbà yẹn, aago mẹ́rin sì ni eré.

Nínú àlá náà, wọ́n ti gbé olorì kọjá. Oyèkúnlé kò rí àwọn tó gbé e, ìró ẹsẹ̀ wọn nìkan ló gbọ́ tó ń jìnnà lọ. Ẹ̀ṣọ́ kan gbá ilẹ̀kùn mú. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ṣí fìlà, síbẹ̀ wọn kò yíjú padà. Ìpàkọ́ ni wọ́n fi ń retí rẹ̀.

Ó la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tún un là, adé ń gbọ̀n lórí rẹ̀.

"Ẹ rọra, adé yẹn á já bọ́."

Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni ohùn náà ti wá. Ó yọjú wò, Àwẹ̀ró ló rí. Ó jókòó sórí àga onígi, ìwé wà lórí itan rẹ̀, ó wọ awò ojú tó fi òwú dúdú so apá rẹ̀ kan. Ó fi ahọ́n kan ìka, ó ṣí ojú ewé, bó ṣe máa ń ṣe tí Oyèkúnlé fi ń bá a wí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra. Omi aṣọ ìkélé ń kán sí i léjìká, kò tilẹ̀ nù ún.

"Àwẹ̀ró."

"Ẹ má pè mí. Iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ máa bá lọ, àwọn èèyàn ti dìde."

"Kò jáde lẹ́nu mi. Fún mi ní ọ̀rọ̀ kan, ẹyọ kan ṣoṣo."

Àwẹ̀ró fi ìka tọ ìlà ìwé náà láti òkè délẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́yìn náà ó mi orí. "Kò sí níbí."

"Báwo ni kò ṣe ní sí níbẹ̀? Ṣebí ìwọ lo kọ ọ́!"

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀, Bàbá Mopélọ́lá. Èmi kọ́ ni mo ń sọ fún yín pé kò sí, ìwé ni."

Oyèkúnlé gbọ́ ohun kan lẹ́yìn rẹ̀ nígbà náà tó mú kí ara rẹ̀ bù máṣọ. Gbogbo èrò inú gbọ̀ngàn mí sínú, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó mọ irú mímí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ló máa ń mí bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n fẹ́ gbà á! Àwẹ̀ró, mo bẹ̀ ọ́, wọ́n fẹ́ gbà á lẹ́nu mi!"

Àwẹ̀ró pa ìwé dé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú, ó ṣe "ṣìọ̀" lábẹ́ ẹnu. "Ìdí ń ro mí," ó ní. "Oṣù mẹ́jọ ni mo ti wà lórí igi yìí. Mi ò mọ̀ pé ó le tó báyìí."

"Ta ló ní kó o má dìde?"

"Ẹ̀yin ni. Ọmọ tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, kí lẹ ṣe fún un?"

Oyèkúnlé kúnlẹ̀ sínú omi tó kán sílẹ̀, adé sì yọ̀ wá síwájú orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti há a lọ́fun láti oṣù mẹ́jọ ló wá já. "O lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo fi jáde, mo dé, o ti lọ. Gbogbo ọjọ́ tí a fi gbé pọ̀, o ò lè dúró dè mí kó o sọ pé ó dàbọ̀! Bí mo bá dé ibi ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe ọba ló ń sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi ni. Èmi ni wọn ò dágbére fún."

"Ọ̀rọ̀ ọba lẹ gbé wọ̀ bí ẹ̀wù yẹn," Àwẹ̀ró dáhùn. "Kò bá yín mu. Èmi dágbére."

"Ìgbà wo?"

"Kí ni mo rán yín?"

"Ẹ̀kọ gbígbóná. O ní kí n lọ ra ẹ̀kọ gbígbóná wá fún ọ lẹ́nu géètì ọsibítù."

Àwẹ̀ró wò ó láti òkè awò ojú rẹ̀, bó ṣe máa ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tó ti sọ ìdáhùn tán tí kò sì mọ̀. Èrò gbọ̀ngàn ṣì di èémí wọn mú.

"Láti àná ọjọ́ náà lẹ ò ti jẹ́ kí n fi ọwọ́ mi sílẹ̀ lọ́wọ́ yín," ó ní. "Bí mo bá dijú, ẹ ó pe orúkọ mi. Bí mo bá mí gùn, ẹ ó pe nọ́ọ̀sì. Bàbá Mopélọ́lá, ta ló lè lọ bẹ́ẹ̀?"

Ó dìde, àga náà ké. Ó gbé ìwé sórí rẹ̀, ó na ẹ̀yìn dáadáa, ó sì nu omi èjìká rẹ̀. "Ó dàbọ̀ o. Mo ti wá sọ ọ́ kedere báyìí, kẹ́ ẹ má tún fi ẹjọ́ mi sun ẹnikẹ́ni." Nígbà náà ni gbogbo èrò tó wà nínú gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í yí orí padà, díẹ̀díẹ̀. Oyèkúnlé kò fẹ́ rí ojú wọn. Ó pariwo, ariwo náà ló sì jí i.

Ó jí sínú òógùn. Fáànù ti kú torí wọ́n ti mú iná lọ. Mopélọ́lá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá, kò wọlé, nítorí láti Ọjọ́rú ni kò ti wọlé bá a tààrà mọ́.

"Bàbá, aago mẹ́ta ti kọjá. Tíṣà Gbádébọ̀ ti pè lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní gbọ̀ngàn ti ń kún, pé bí ara yín ò bá yá, kẹ́ ẹ sọ báyìí kí wọ́n wá ẹlòmíràn."

Oyèkúnlé jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. "Mopélọ́lá, ṣé ìyá rẹ máa ń mu ẹ̀kọ?"

"Ẹ̀kọ kẹ̀? Màmá? Bí wọ́n bá ń se é nílé kejì, ṣebí fèrèsé ni wọ́n máa ń lọ tì. Ẹ̀yin náà mọ̀, Bàbá."

Ó mọ̀. Òun gan-an ló ti máa ń fi ṣe é yẹ̀yẹ́. Oṣù mẹ́jọ ló fi bú ìlà gígùn tó wà níwájú ẹlẹ́kọ, tó bú ẹni tó ń bu ẹ̀kọ pé ọwọ́ rẹ̀ kò yá, tó bú ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tí kò sáré. Kò fìgbà kan bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni obìnrin tí kì í mu ẹ̀kọ, tí kò sì fẹnu kan oúnjẹ fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, fẹ́ fi ẹ̀kọ ṣe. Àwẹ̀ró wò ó lójú, ó rán an jáde, ó tilẹ̀ ní kó bá òun bu ṣúgà sí i. Háà, Àwẹ̀ró! Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun, ó sì tù ú lára, òun alára kò lè sọ èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n dágbére fún un. Ọba inú eré ni wọn kò dágbére fún. Ọba ló ni ọ̀rọ̀ yẹn, kó máa sọ ọ́.

"Wọlé," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ìwé eré wà nínú báàgì dúdú yẹn, mú un. Ìwọ lo máa jókòó síbẹ̀ lónìí. Ohun tí mo ṣe fún ọ lọ́jọ́ Ọjọ́rú kò dáa. Má bínú sí mi."

Mopélọ́lá mú ìwé náà. "Bàbá, ibo ni kí n ṣí?"

"Ibi ilẹ̀kùn."

Oyèkúnlé dìde dúró nínú síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti tutù mọ́ ọn lẹ́yìn, ó na ọwọ́ ọ̀tún. "Ẹ fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ẹni tó gba ibẹ̀ jáde kò dágbére fún mi." Ó sọ ọ́ tán pátápátá, láìsáré, láìdúró.

Mopélọ́lá kò gbé ojú sókè kúrò nínú ìwé. Ẹkún tó ti ń gbé mì láti ọjọ́ ìsìnkú, nítorí bàbá rẹ̀, ló bú jáde lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń pe ìyá rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Oyèkúnlé jókòó tì í, ó fi ọwọ́ lé e léjìká. Fóònù tún dún, kò gbé e. Ó jẹ́ kó sunkún náà tán kí wọ́n tó lọ.