Mo Kàn Ń Ràn Wọ́n Lọ́wọ́ Ni

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n ìjọba ná. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá wù ló ń ṣe sójà, owó oṣù ni wọ́n sì fi ń fà wọ́n mọ́ra. Ogun wá gùn, owó náà ò wu ẹnikẹ́ni mọ́. Dípò kí wọ́n bù kún un, wọ́n ní àwọn á máa mú ọmọ wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Ta ló ń san án?

Ìyá Oníbúrẹ́dì mọ ẹni tí yóò san án. Látìgbà tí apá ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń po fúláwà, òun náà ló ń ṣọ́ iná. Bí wọ́n bá mú un, iṣẹ́ parí nìyẹn. Àmọ́ òfin yọ ẹni tó bá ń ṣe oúnjẹ àwọn sójà sílẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá àti ọmọ yìí sì ni bárékè ti ń ra búrẹ́dì. Ìyá ti kì í nílọ̀ títí pé bí wọ́n bá dé, kó sọ pé òun lòun ń ṣe é. Ọmọ ní òun ti gbọ́.

Ọ̀gá sójà wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó bu búrẹ́dì jẹ, ó rẹ́rìn-ín.

"Búrẹ́dì yìí mà dùn o. Ta ló ṣe é?"

Ìyá ṣẹ́jú sí ọmọ rẹ̀. Ohun tí ọmọ àbíire náà máa ń sọ fún gbogbo oníbàárà tó bá yìn wọ́n ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá wa ni, sà. Mo kàn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni."

Yéè! Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti fọ́. Ta ló fẹ́ dúró ti ìyá rẹ̀ kó ní òun lòun ṣe é? Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ọ̀gá sójà nu ẹnu, ó ní òfin ò yọ ẹni tó ń ranni lọ́wọ́ sílẹ̀. Ìyá gbé apá tó rọ hàn án, ó búra, ó bẹ̀bẹ̀. Ọ̀gá ní láti àárọ̀ ni àwọn ìyá ti ń búra fún òun. Wọ́n mú ọmọ lọ, ìtìjú ò jẹ́ kó lè wo ojú ìyá rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá yìí kan náà padà wá. Iná ò sí nínú ààrò, ìyá sì jókòó tì í, ojú rẹ̀ ti wú. Ọ̀gá béèrè búrẹ́dì bárékè.

"Ẹ bi ẹni tó ń ṣe é. Ọ̀dọ̀ yín ló wà."

Ọ̀gá ṣí fìlà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Wọ́n ti kó àwọn ọmọ tí a mú lọ sójú ogun láàárọ̀ yìí, màmá. A ò rí búrẹ́dì fún wọn kí wọ́n tó lọ."