Kámẹ́rà Tí Mo Gbà Dán Wò

Oyinlẹ́nu ni àwa ayàwòrán ń pe ọkùnrin tó gbé kámẹ́rà yìí wá fún mi, a kì í sì í fi yìn ín. Wọ́n ní ohùn dídùn ní í yọ obì lápò. Èmi mọ àpò tí obì yẹn ti ń yọ. Àpò ẹni tó ń gbọ́ ohùn náà ni.

Aṣọ funfun ló fi wé kámẹ́rà náà bí ọmọ tuntun. Ó tú u sórí tábìlì mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kámẹ́rà tó ní ẹlẹ́rìí mẹ́ta nìyí. Ẹ fojú sí ihò yìí. Ṣé ẹ rí ibi kékeré tó mọ́lẹ̀ láàárín? Ohun tí ẹ bá ń wò á di méjì níbẹ̀. Ẹ máa yí òrùka lẹ́ńsì títí méjì á fi di ọ̀kan. Tó bá ti di ọ̀kan, ó ti mọ́ kedere nìyẹn, ẹ yà á. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ wo gíláàsì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìlà pupa á yí ohun tó bá mọ́ kedere ká. Tí kò bá tún dá yín lójú, ẹ tẹ bọ́tìnnì yìí, á fẹ̀ ẹ́ títí ẹ ó fi rí irun imú eṣinṣin. Ọjọ́ ọ̀la ni mo gbé lé yín lọ́wọ́ yìí!"

"Ṣé ó ń ya fọ́tò?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ohun tí a jọ sọ ni pé yóò gba kámẹ́rà mi àtijọ́ ní pàṣípààrọ̀. Tí tuntun yìí bá ṣe ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, kí n dá a padà kó tó di Sátidé, kí n gba tèmi. Tí Sátidé bá kọjá, ẹnì kan ti ń dúró láti rà á. Kámẹ́rà àtijọ́ yẹn ni mo fi kọ́ ara mi níṣẹ́. N kò ní ọ̀gá, n kò ka ìwé kankan lórí rẹ̀. Mo ba fọ́tò jẹ́ títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n. Kò parọ́ fún mi rí. Tí mo bá sọ ọ́ nù nítorí ìlà pupa, tí ìlà pupa wá jẹ́ irọ́, mo ti fi olóòótọ́ ra òpùrọ́ nìyẹn.

Mo dán an wò bí mo ṣe ń dán ènìyàn wò. Mo gé ojú ewé ìwé ìròyìn kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọgbà tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Àárín wa àti ògiri náà kò fẹ̀. Ẹni méjì tó ru ẹrù kò lè kọjá lára wọn níbẹ̀. Mo fi ọ̀dà funfun sàmì sí ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà, kí ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà ń jókòó lé lè máa dúró sójú kan náà. Mo yí òrùka títí lẹ́tà tó tóbi jù lórí ìwé náà fi di ọ̀kan, mo wá fi pẹ́ńsùlù fa ìlà dúdú sára lẹ́ńsì níbi tí òrùka dúró. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà, mo wo ihò kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù onírin, mo fi bírò fa ìlà búlúù fún ìyẹn. Ìgbàkígbà tí mo bá padà wá, orí ìlà ni kí òrùka dúró. Ẹni tó ń sọ òótọ́ kì í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń wò mí. Aránṣọ ni. Ìdí ògiri yẹn gan-an ló gbé maṣíìnì rẹ̀ sí nítorí ibòòji.

"Àbúrò, ṣé kámẹ́rà lo gbà ni, àbí o mú olè wá sí àgọ́ ọlọ́pàá?"

"Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ná."

"Àánú ọkọ rẹ ń ṣe mí."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kámẹ́rà náà kò ṣẹ̀ mí. Lẹ́yìn náà ni òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tó dá, mo gbé e jáde, mo fi òrùka sórí ìlà dúdú, mo fojú sí ihò. Lẹ́tà di méjì. Ọ̀kan jókòó sí èjìká èkejì. Mo yí òrùka díẹ̀, wọ́n pàdé, ṣùgbọ́n òrùka ti kúrò lórí ìlà. Mo nu ojú mi, mo tún un wò. Bákan náà ni. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó tún kúrò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo ní, ó tán. Ó ti ń yí ohùn padà.

Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi ló sún mọ́ ọn jù, ni mo bá ń wò ó lójú wíwò. Òun náà ti ń wo èmi.

"Ta ló ń ti tábìlì mi?" ó ní. "Tẹ́lẹ̀, mo máa ń fa aṣọ gba ẹ̀yìn rẹ̀ fàlàlà. Ní báyìí, ìgbọ̀nwọ́ mi ń gbá ògiri. Ìwọ àti ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ yìí!"

"N kò fọwọ́ kan tábìlì yín."

"Àbí ó ń dá rìn?"

"Bóyá ẹ sanra ni."

Ó sọ àjákù aṣọ lù mí.

Mo pe ẹlẹ́rìí kejì. Gíláàsì ẹ̀yìn kì í gba inú ihò kékeré wòran. Inú lẹ́ńsì gan-an ló ti ń wò. Tí ihò bá ti bàjẹ́, gíláàsì á tú u fó. Mo tan ìlà pupa. Ó kun lẹ́tà, ó kun etí ìwé, ó kun gbogbo ibi tí ògiri ti sán. Ẹlẹ́rìí tó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo ìbéèrè, ìwúlò wo ló ní? Mo pa á, mo tẹ bọ́tìnnì tó ń fẹ nǹkan. Lẹ́tà náà kún gíláàsì, etí rẹ̀ sì mú bí abẹ níbi tí ihò ti sọ gẹ́lẹ́. Ìlà dúdú ti wà lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí méjì bára mu. Ìyẹn kò fi mí lọ́kàn balẹ̀ rárá. Ilé kan náà ni wọ́n ti wá. Wọ́n lè ti gbìmọ̀ rẹ̀ nílé.

Ní Fúráídé, mo ránṣẹ́ sí Oyinlẹ́nu pé kó wá. N kò lọ bá a nílé rẹ̀. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ kì í rántí ohun tó bá lọ. Ó dé pẹ̀lú aṣọ funfun àti lọ́fínńdà.

"Kámẹ́rà mi dà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó wà nínú àpótí gíláàsì mi, ó ń sinmi bí àgbàlagbà tó ti..."

"Ṣé o ti tà á?"

"Rárá o."

"Ó dáa. Wo ìlà yìí."

Ó tẹjú mọ́ inú ihò. "Ṣé ẹ rí i, ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ohun àràmàǹdà kan tó..."

"Ìlà ni mo ní kó o wò."

Ó wò ó. Ó yí òrùka lọ, ó yí i bọ̀. Ó dákẹ́. N kò gbọ́ kó dákẹ́ rí.

"Ẹ jẹ́ ká fi wo nǹkan mìíràn," ó ní.

Ìgbà yẹn ni mo rántí kọ́bọ́ọ̀dù. Ògiri nìkan ni mo ti ń fìyà jẹ kámẹ́rà lé lórí. A gbé e wọlé, a to ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àmì ti inú ilé. Mo fi òrùka sórí ìlà búlúù, mo fojú sí i. Ihò kọ́kọ́rọ́, ọ̀kan ṣoṣo. Mo wo gíláàsì, mo fẹ̀ ẹ́. Kò yẹ̀ rárá.

"Nínú ilé, ó tọ̀nà," ni Oyinlẹ́nu wí. "Níta, kò tọ̀nà. Kámẹ́rà kì í bá ògiri jà."

Ẹ̀gbọ́n mi pariwo níta. "Wọ́n tún ti tì í! Láti àárọ̀ sí ìsinsìnyí!"

A jáde. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àfi òun nìkan. Igi ìwọnṣọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Igi yẹn ló máa ń tì bọ àárín tábìlì àti ògiri kó má baà sọnù. Ó ń tì í, kò wọlé mọ́.

"Ẹ wo ẹsẹ̀ tábìlì yín," mo ní.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú ihò tí wọ́n ti gbẹ́ fún ara wọn nínú sìmẹ́ńtì láti ìgbà pípẹ́, àjákù òwú ọjọ́ pípẹ́ sì yí wọn ká. Kò sí ẹni tó gbé e.

Ẹ̀gbọ́n mi mú àlùmọ́gàjí ńlá rẹ̀, ó so òwú mọ́ ọn, ó nà án sí Oyinlẹ́nu nítorí pé ó ga. "Gbé òwú yìí mọ́ orí ògiri. Jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀."

Àlùmọ́gàjí fì, ó dúró. Lókè, òwú lẹ̀ mọ́ ògiri. Nísàlẹ̀, ọwọ́ mi wọ àárín òwú àti ògiri, àyè sì ṣẹ́ kù.

"Ògiri ló ń tẹ̀ sọ́dọ̀ wa," ẹ̀gbọ́n mi wí jẹ́jẹ́. "Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu..."

"Ẹ fi òwe sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé maṣíìnì."

A gbé e. Oyinlẹ́nu mú ibi tó wúwo, ó fi aṣọ funfun gba epo rẹ̀. Mo yí lọ sí ẹ̀yìn ọgbà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Wọ́n ti kó yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ jọ gègèrè ti ògiri náà, òjò sì ti rin ín gbingbin. Bíríkìlà ń jẹun.

"Ìyá, ẹ má fòyà," ó ní. "Ògiri yìí á rí ọmọọmọ yín."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni mo wá gbọ́. Wá wo òwú."

Ó tẹ̀ lé mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rí òwú. Ẹ̀rín kú. Ó sáré padà, ó ń ké sí àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n mú ṣọ́bìrì, kí ẹnikẹ́ni má dúró nítòsí ògiri. Wọn kò tíì kó yanrìn náà jìnnà tí ògiri fi wó. N kò gbọ́ ariwo ńlá. Ó dà bí ìgbà tí ẹni tó ti rẹ̀ bá mí kanlẹ̀ ni, lẹ́yìn náà eruku bo gbogbo wa.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, a rí àpótí tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń jókòó lé. A ti gbàgbé rẹ̀. Ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ búlọ́ọ̀kù.

"Ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó," ó ní. Ó tún un sọ. Àlùmọ́gàjí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú òwú rẹ̀.

Mo dì í mú wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo fún un ní omi.

Oyinlẹ́nu dúró lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ara rẹ̀ ti di aláwọ̀ sìmẹ́ńtì. Ó lanu. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rí i bí kámẹ́rà àgbàyanu yìí ṣe dóòlà ẹ̀mí..."

"Kò dóòlà ẹnikẹ́ni. Ibi tí ògiri wà ló ń sọ. Èmi ni n kò gbọ́."

Ó nu eruku ojú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀la ni Sátidé. Ṣé kí n gbé tiyín bọ̀?"

Mo ronú kan kámẹ́rà mi àtijọ́ nínú àpótí gíláàsì rẹ̀. Mo mọ ìwúwo rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Tà á fún ẹni tó ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n sọ fún un pé ó máa ń lọ́ra tí òtútù bá mú. Má fi ọ̀rọ̀ kankan kún un."

"N ó sọ bẹ́ẹ̀ mà."

Mo wò ó títí ó fi yà ní ìkòríta. Lẹ́yìn náà mo to ẹsẹ̀ mẹ́ta náà sórí àmì, mo fi òrùka sórí ìlà búlúù, mo wo ihò kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

"O ṣì ń wádìí rẹ̀?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí. Orí àga àwọn oníbàárà ló wà, ó fẹ̀yìn ti ògiri ṣọ́ọ̀bù.

"Lójoojúmọ́ ni."

Ó mu omi tó kù. Ó wo ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó sún àga síwájú díẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Bá mi wo èyí náà."