Ẹni Tí Wọ́n Bá Lábẹ́ Àpáta

Irin ló kọ́kọ́ yọ. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára egungun náà dáwọ́ dúró, ó ní, "Dókítà, ẹ wá wò ó. Ẹni àtijọ́ kọ́ nìyí."

Fọláyọ̀ kò dúró kí ẹnikẹ́ni pe òun. Ó na ọrùn wo inú kòtò. Irin pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fi ìṣó kéékèèké kàn mọ́ ojúgun ẹsẹ̀ òsì. Ó mọ̀ ọ́n. Òun ló jókòó ti Àlàní, ọkọ rẹ̀, ní ọsibítù nígbà tó jábọ́ lórí igi obì, tí wọ́n la ẹsẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n fi irin to egungun pọ̀.

Kó lè fọ̀nà hàn ni wọ́n ṣe ké sí i láàárọ̀ ọjọ́ náà. Láti ọdún ìjà tí abúlé wọn ti tú, igbó ti bo gbogbo rẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn láti Ifẹ̀ ń wá àpáta tó yọrí bí òrùlé lẹ́yìn abúlé, nítorí àfọ́kù ìkòkò ayé ọjọ́un tó wà lábẹ́ rẹ̀. Òun àti Oyèkúnlé, ẹ̀gbọ́n Àlàní, ló mú wọn débẹ̀. Oyèkúnlé ti ń sọ pé kí wọ́n wa ibòmíràn.

Ọjọ́ tí ìjà dé, ẹsẹ̀ Àlàní kò tíì san. Oyèkúnlé ní kí Fọláyọ̀ gbé ọmọ síwájú, òun yóò gbé àbúrò òun tẹ̀ lé e. Ní ilé ìwé tí wọ́n sá sí ní Ẹdúnàbọ̀n, Oyèkúnlé nìkan ló dé. Ó ní obìnrin tó ń ra kòkó lọ́wọ́ Àlàní ti fi mọ́tò gbé e lọ sí Òkè Ọya, pé Àlàní ní kí Fọláyọ̀ má wá òun. Fọláyọ̀ ṣépè fún ọkọ rẹ̀ títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́. Ìbùkún, ọmọ náà, ti di abiyamọ báyìí. Bí wọ́n bá bi í léèrè bàbá rẹ̀, a máa ní òun kò ní bàbá. Oko kòkó Àlàní sì di ti Oyèkúnlé.

"Màmá," ni Dókítà Awódélé, olórí àwọn awalẹ̀pìtàn, wí, "ṣé ẹ mọ ẹni yìí ni?"

"Ọkọ mi ni."

"Ẹ má dá a lóhùn," ni Oyèkúnlé wí. "Orí rẹ̀ kò pé mọ́ láti ìgbà tí ọkọ ti kọ̀ ọ́."

Dókítà wo irin náà, ó wo Oyèkúnlé, ó sì bọ́ sí ìta láti pe ọlọ́pàá lórí fóònù.

Fọláyọ̀ kò gbé ohùn sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ gbé e wá síbí."

"Ta ni ì bá tún gbé e? Mo ní kó dè mí."

"Ẹ sì padà wá?"

"Mo padà wá. Ẹsẹ̀ náà ti wú, kò ṣeé gbé. Orúkọ rẹ ló ń ké. Àwọn tó ń lé wa wà nínú oko nísàlẹ̀, igbe rẹ̀ ì bá pa mí." Ó tutọ́ sílẹ̀. "Mo sọ fún un pé o ti bá ọkùnrin mìíràn lọ. Ìgbà yẹn ló dákẹ́, mo sì fi í sílẹ̀ síbí."

"Ó gbà yín gbọ́?"

"Ṣé ìwọ kò gbà mí gbọ́ ni?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Fọláyọ̀ rántí òwe náà, kò sì rí ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ó kúnlẹ̀ létí kòtò. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó má fọwọ́ kàn án. Kò fọwọ́ kàn án. Ó fẹ́ sọ fún ọkọ rẹ̀ pé orí sìmẹ́ńtì ilé ìwé lòun sùn, òun àti ọmọ, pé ojú ọ̀nà lòun ń wò.

"Bàbá Ìbùkún," ló pè.

Ó tẹ́tí, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n dá òun lóhùn. Ìgbà náà ló tó yé e. Irọ́ tí wọ́n pa fún òun ti tán lónìí. Èyí tí wọ́n pa fún Àlàní kò ní tán láé.