Fóònù Agboolé

"Ó tún kọ̀ ọ́," ni Hàbíbàt wí.

Ìyá Testimony na ọrùn wo ojú kọ̀ǹpútà. Ìlà pupa kan ti yọ lábẹ́ nọ́mbà fóònù. Láti Ìyah-Gbẹ̀dẹ̀ ló ti gun ọ̀kadà wá sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà yìí ní Kàbà, kó lè forúkọ ọmọ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ fún ìdánwò ilé ìwé iṣẹ́ ọwọ́, ọjọ́ náà gan-an ni ìforúkọsílẹ̀ sì máa parí. Testimony ti fi nọ́mbà yẹn wọlé. Rejoice ni ẹ̀rọ ò gbà.

Hàbíbàt bi í bóyá nọ́mbà mìíràn wà.

"Fóònù kan ló wà lágboolé wa, ọwọ́ bàbá ọkọ mi ló wà. Àbí kí n dá Rejoice padà síbi tó ti wá?"

Nígbà yẹn, fóònù ò tíì di ti oníkálukú. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Hàbíbàt ló kọ́ ojú ewé ìforúkọsílẹ̀ náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àkójọ òfin tó ń yẹ ohun tí èèyàn kọ wò, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti rí i, ará ibòmíràn ló kọ ọ́ tó fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó bá a jìjàkadì kó tó so ó mọ́ tirẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó kọ ọ́, ẹnì kan, fóònù kan ni.

Lájídé tó ni ṣọ́ọ̀bù ní kó yọ gbogbo àyẹ̀wò náà dànù, kí èèyàn ráyè kọjá. Lájídé yìí kan náà ni! Lọ́dún tó kọjá, tí kò sí àyẹ̀wò, tí àwọn èèyàn kọ ọjọ́ orí bó ṣe wù wọ́n, tí ilé ìwé dá orúkọ padà, òun ló na ìka sí Hàbíbàt lójú àwọn oníbàárà. Hàbíbàt ò gbàgbé.

"Ẹ̀gbọ́n, orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́." Kò ṣe tótó fún àgbà tó pòwe fún. "Òfin kan péré ni mo máa yí."

"Tíná bá lọ ńkọ́?"

"Ẹ lọ ra epo sí jẹnẹrétọ̀."

Ó tẹjú mọ́ iṣẹ́. Ó ní kí ẹ̀rọ má wo nọ́mbà nìkan mọ́. Àfi tí orúkọ àti ọjọ́ ìbí bá tún bára mu ni kó tó kọ̀. Ojú ewé kọ́kọ́ funfun báláú, nǹkan kan ò hàn lórí rẹ̀ mọ́. Ìyá Testimony jókòó, ó ń pa ẹ̀pà. Hàbíbàt tún òfin náà so mọ́ ọn. Ẹ̀rọ gba Rejoice wọlé.

Obìnrin náà dìde, Hàbíbàt ní kó dúró díẹ̀. Ó tún kọ orúkọ Testimony, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti nọ́mbà náà lẹ́ẹ̀kejì. Ìlà pupa yọ.

"Ṣé ó tún ti bàjẹ́ ni?"

"Rárá, mà. Ó ti mọ ẹni tó yẹ kó kọ̀."

Lájídé gbé gálọ́ọ̀nù epo wọlé. Hàbíbàt kò wò ó. Ó pe ẹni tó kàn.